T. K. Ẹkúndayọ̀ Phillips àti Ohùn Èdè Wa Nínú Orin Ìjọ

Ní ìgbà kan tí a lọ ṣe ìdánrawò ìkọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní agbègbè Ìpájà níhìn-ín, a kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní orin kan tí àwa tìkára wa ṣe. Orin iṣẹ́ àgbẹ̀ ni, ìlà rẹ̀ kìn-ín-ní sì ni èyí: “Ọkọ́ bàbá mi mú.” A wá ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó dùn létí, a sì fi ọ̀rọ̀ wa sí i lára. Bí a ti ń kọ ọ́ ni àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. A bá wọn wí, wọn kò dẹ́kun. Níkẹyìn ni ọmọ kan dìde, ó kúnlẹ̀, ó sì wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́, Tíṣà, ṣé bàbá yín ní ọkọ ni?”

Ojú tì wá. Ohùn orin tí a yá lò ti sọ ọkọ́ di ọkọ. Ó ti mú irin-iṣẹ́ bàbá wa, ó sì ti fi í ṣe ẹni tí ó fẹ́ bàbá wa sílé. Kì í ṣe pé ọmọ náà ya aláìgbọràn. Etí rẹ̀ ni ó là jù tiwa lọ. Ohun tí ó gbọ́ ni ó sọ.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń wá ọ̀nà láti mọ àwọn tí ó ti ro ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ ṣáájú wa. Ẹni tí ìwádìí wa sì mú wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips, olùtẹ dùùrù àti olórí akọrin ní Kàtídírà Kristi ní Marina, Èkó. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, nítorí pé iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ olùkọ́ ni yóò parí rẹ̀.

Kí a tó sọ ìtàn náà, ó yẹ kí a là á yé ara wa ohun tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀. Gbogbo wa ni a ti kọ́ pé ohùn mẹ́ta ni èdè Yorùbá ní: ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè. Dò, re, mí ni àwọn olùkọ́ wa fi ń kọ́ wa. Bí a bá wí pé re-re, ọkọ ni, ẹni tí ó fẹ́ ìyàwó. Bí a bá wí pé re-mí, ọkọ́ ni, èyí tí a fi ń ro oko. Bí a bá wí pé re-dò, ọkọ̀ ni, èyí tí ń gbé èrò láti Ìpájà lọ sí Agége. Bí a bá wí pé dò-dò, ọ̀kọ̀ ni, ohun ìjà ọdẹ. Bákan náà ni igba, igbá, igbà àti ìgbà: iye kan ni èkíní, ohun tí a fi ń bu omi ni èkejì, okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ ni ẹ̀kẹta, àkókò sì ni ẹ̀kẹrin. Lẹ́tà wọn kò yàtọ̀. Ohùn nìkan ni ó yà wọ́n.

Nítorí náà ni ìlù dùndún ṣe lè sọ̀rọ̀. Kò ní ètè, kò ní ahọ́n, ṣùgbọ́n ó ní ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí sì tó láti ki ọba kí inú ọba dùn. Bí onílù bá lu ìsàlẹ̀ níbi tí òkè yẹ kí ó wà, ó lè jẹ́ pé èébú ni yóò fi sọ nínú oríkì. Ǹjẹ́ bí onílù kò bá gbọdọ̀ ṣe èyí, ó ha tọ́ kí akọrin ṣe é?

Ṣùgbọ́n bí ó ti rí ní ìjọ fún ọdún púpọ̀ nìyẹn. Nígbà tí àwọn oníwàásù kọ́kọ́ mú Ìhìn Rere wá sí Bàdágírì ní ọdún 1842, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, orin mímọ́ wà lára ẹrù wọn. Wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ orin náà sí Yorùbá, ṣùgbọ́n wọn kò túmọ̀ ohùn. Ohùn tí a dá fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Jámánì ni a gbé ka orí ọ̀rọ̀ Yorùbá, bí ìgbà tí a gbé ẹ̀wù ẹni tí ó ga wọ ẹni kúkúrú. Níbi tí ọ̀rọ̀ ń lọ sókè, ohùn orin a máa lọ sísàlẹ̀. Àwọn bàbá wa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọkàn wọn sì yọ̀, nítorí pé ìwé wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n fi ń rí ìtumọ̀. Ẹni tí kò mọ ìwé ni kò ní olùrànlọ́wọ́.

A kò sọ èyí láti gan àwọn tí ó ṣáájú. Àwọn orin wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi kọ́ ìwé kíkà, àwọn ni a kọ létí ibùsùn àwọn òbí wa nígbà ìkẹyìn wọn, a kò sì ní gbàgbé wọn. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó yẹ kí ẹnì kan rí i pé orí orin náà wọ́, kí ó sì tún un ṣe.

Ọdún 1884 ni a bí Phillips. Bàbá rẹ̀ ni Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Oǹdó, tí a sì fi joyè Bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1893. Ilé tí a ti ń ka Ìwé Mímọ́ tí a sì ń kọrin ni ó dàgbà sí. Ó kọ́ dùùrù títẹ̀ láti kékeré, nígbà tí ó sì di ọmọ ọdún méjìdínlógún, a fi í ṣe olùtẹ dùùrù ní ìjọ St. Paul, Breadfruit, ní Èkó. Ní ọdún 1911 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ́nù, ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ orin tí a ń pè ní Trinity College of Music. Dùùrù, píánò àti fáyólìn ni ó kọ́ níbẹ̀. Ní àkókò náà, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ó ti lọ kọ́ orin bí iṣẹ́ ní òkè òkun kò tó nǹkan.

Ọdún 1914 ni ó padà dé, a sì fi í ṣe olùtẹ dùùrù àti olórí akọrin ní ìjọ Kristi ní Marina, ìjọ tí ó di Kàtídírà. Ibẹ̀ ni ó wà títí di ọdún 1962. Ẹ jẹ́ kí a ka ọdún náà: méjìdínláàádọ́ta ni. Ogun ńlá méjì jà ní ayé, wọ́n sì parí. A fi ìpìlẹ̀ ilé Kàtídírà tuntun lélẹ̀ ní ọdún 1925, a sì parí rẹ̀ ní ọdún 1946. Ilẹ̀ Nàìjíríà gba òmìnira ní ọdún 1960. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹni kan náà ni ó jókòó nídìí dùùrù, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin kékeré bí a ti ń la ẹnu, bí a ti ń mí, àti bí a ti ń ka ohùn orin láti inú ìwé. Nígbà tí ó fi ipò sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni ó gbà á. Ó sùn ní ọdún 1969.

Bí ó bá jẹ́ pé orin àwọn ará Europe nìkan ni Phillips kọ́ àwọn akọrin rẹ̀, ìyẹn nìkan ì bá tó fún ìyìn, nítorí pé a mọ ẹgbẹ́ akọrin Kàtídírà náà káàkiri. Ṣùgbọ́n kò dúró níbẹ̀. Ó gbé ọgbọ́n tí ó kọ́ ní Lọ́ńdọ́nù ka iwájú rẹ̀, ó sì bi í léèrè ohun tí ó lè ṣe fún èdè Yorùbá. Ó tẹ́tí sí orin ilẹ̀ wa, ó sì kíyè sí bí wọ́n ti rí. Ó rí i pé ohùn márùn-ún ni ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró lé, dípò méje ti dùùrù. Ó rí i pé bí ẹnì kan bá lé orin, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í gbè é. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó rí i pé ẹni tí ń dá orin Yorùbá kì í kọ́kọ́ wá ohùn orin kí ó tó wá ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ. Nínú ọ̀rọ̀ náà ni ohùn orin ti ń jáde. Ìwé tí ó kọ lórí èyí, tí ó pè ní Yoruba Music, jáde ní ọdún 1953. Àkọlé kékeré tí ó fi kún un sọ̀rọ̀ nípa ìdàpọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ àti orin, ìyẹn sì ni kókó ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó dá ohùn fún Sáàmù 121 ní èdè Yorùbá, kí akọrin lè kọ ọ́ bí ẹnu ti ń sọ ọ́. Ó ṣe ohùn fún orin Màríà àti orin Síméónì tí a ń kọ nínú ìsìn àṣálẹ́, ó sì ṣe ti ìdáhùn tí ó wà láàárín àlùfáà àti ìjọ. Ó tún mú ohùn orin ìbílẹ̀, ó sì fi í ṣe ìpìlẹ̀ orin tí a ń fi dùùrù nìkan tẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ irú rẹ̀ yóò mọ̀ pé dùùrù òyìnbó lè sọ Yorùbá bí a bá kọ́ ọ.

Ẹnì kan lè wí pé ohun tí ó rọrùn ni èyí: kí ohùn orin gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ gòkè, kí ó sọ̀kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ sọ̀kalẹ̀. Àwa pẹ̀lú rò bẹ́ẹ̀ títí a fi jókòó láti gbìyànjú rẹ̀. Ìṣòro méjì ni a bá pàdé.

Èkíní ni ti ẹsẹ orin. Nínú ìwé orin mímọ́, ohùn kan ṣoṣo ni ẹsẹ márùn-ún tàbí mẹ́fà ń lò. Bí a bá tilẹ̀ dá ohùn tí ó bá ẹsẹ kìn-ín-ní mu pátápátá, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá dé ẹsẹ kejì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gòkè níbi tí ti ìṣáájú ń sọ̀kalẹ̀? Ọ̀nà méjì ni ó wà. Yálà kí a fi ọgbọ́n yan ọ̀rọ̀ ẹsẹ kejì kí ohùn rẹ̀ bá ti èkíní dọ́gba, iṣẹ́ tí ó gba sùúrù gidigidi. Tàbí kí a fi ẹsẹ sílẹ̀, kí a jẹ́ kí orin máa bá ọ̀rọ̀ lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìpadà sẹ́yìn, bí a ti lè ṣe sí Sáàmù.

Èkejì ni ti ohùn mẹ́rin. Àwọn akọrin wa fẹ́ràn láti pín ara wọn sí tírébù, áltò, ténọ̀ àti báàsì. Nínú orin òyìnbó, báàsì lè máa sọ̀kalẹ̀ nígbà tí tírébù ń gòkè, ẹwà ni. Nínú orin Yorùbá, bí tírébù bá ń wí pé ọkọ́, tí báàsì sì ń wí pé ọkọ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà, ta ni a ó gbà gbọ́? Phillips rí i pé ó sàn kí àwọn ohùn jọ máa rìn pọ̀, bí èrò ọjà tí ń lọ ní ẹgbẹ́ ara wọn, kí gbogbo wọn gòkè pọ̀ kí wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ pọ̀. Àwọn tí ó kọ́ orin ní òkè òkun mọ̀ pé àwọn olùkọ́ ibẹ̀ kì í fi ìgbà gbogbo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí a ṣe fún ilé ẹlòmíràn kò lè borí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ nínú ilé tiwa.

Kì í ṣe Phillips nìkan ni ó rìn ní ọ̀nà yìí. Ní Abẹ́òkúta, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ẹni tí a bí ní ọdún 1855 tí ó sì kú ní ọdún 1930, fi orin Yorùbá wàásù káàkiri, a sì gba orin rẹ̀ tí ó lé ní ogójì sínú àwo ní Lọ́ńdọ́nù ní ọdún 1922. Ní Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí, Ephraim Amu, tí í ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ìjọ Presbyterian ní Akropong, bẹ̀rẹ̀ sí dá orin tí ó bá ohùn èdè wọn mu. Ó wọ aṣọ ilẹ̀ rẹ̀ wọ ilé ìsìn, ó sì fẹ́ kí a lo ìlù àti fèrè ìbílẹ̀. Ní ọdún 1933 iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí rẹ̀. Ó lọ kọ́ni ní Achimota, kò sì dẹ́kun. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1995, gbogbo Ghana ni ó ń kọ orin rẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, olùkọ́ bí tiwa ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú nìkan ni èyí, kí ó wo ilẹ̀ Denmark, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní àríwá Europe. Ní ọdún 1865 ni a bí Carl Nielsen níbẹ̀, ní erékùṣù tí a ń pè ní Fyn. Akunlé ni bàbá rẹ̀, a sì máa ta fáyólìn níbi ìgbéyàwó àwọn ará abúlé; ọmọ méjìlá ni wọ́n sì bí sí ilé náà. Nígbà tí Nielsen di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó wọ ẹgbẹ́ afunfèrè àwọn ológun ní ìlú Odense. Ní ọdún 1884, ọdún tí a bí Phillips gan-an, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ orin ní Copenhagen. Ó dá orin ńlá mẹ́fà fún ẹgbẹ́ olóhun-èlò púpọ̀, ayé sì ń gbọ́ wọn títí di òní. Síbẹ̀, kò ka orin kékeré sí ohun ẹ̀gàn. Òun àti Thomas Laub àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn mìíràn dá ohùn tí ó rọrùn fún ọ̀rọ̀ èdè Danish, kí àgbẹ̀ àti ọmọ ilé-ìwé lè jọ kọ ọ́. Ìwé ohùn orin tí wọ́n ṣe fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ará oko jáde ní ọdún 1922. Nígbà tí Nielsen kú ní ọdún 1931, àwọn tí kò tí ì wọ ilé orin ńlá rí mọ ohùn orin rẹ̀.

Ohun tí Nielsen ṣe fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ni Phillips ń wá fún tiwa, ṣùgbọ́n ẹrù Phillips wúwo jù. Bí ará Denmark bá ṣi ohùn kọ, orin rẹ̀ lè máà dùn. Bí Yorùbá bá ṣi ohùn kọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ọ̀rọ̀ mìíràn.

Èso iṣẹ́ Phillips kò mọ sí inú Kàtídírà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin tí ó kọ́ ni Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní ọdún 1905. Bàbá Ṣówándé pẹ̀lú jẹ́ àlùfáà àti olùkọ́ ní St. Andrew’s College, Ọ̀yọ́, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ṣówándé gba oyè gíga ti àwọn olùtẹ dùùrù ní Lọ́ńdọ́nù ní ọdún 1943, ó sì dá ọ̀pọ̀ orin fún dùùrù tí ohùn orin Yorùbá jẹ́ ìpìlẹ̀ wọn. Ó kú ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1987. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí a bí ní ọdún 1935, tí òun náà kọrin lábẹ́ Phillips ní Marina, tí ó sì di olùkọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Èkó kí ó tó kú ní ọdún 1976. Igi kan ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀.

Ǹjẹ́ kí ni ó kàn wá nínú gbogbo èyí? Kì í ṣe gbogbo wa ni yóò di olùtẹ dùùrù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní dùùrù rárá, níbi tí àtẹ́wọ́ àti ẹnu nìkan ti jẹ́ ohun èlò. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wa tí kò ní kọ́ ọmọdé ní orin. Orin ni a fi ń kọ́ wọn ní òǹkà, orin ni a fi ń kọ́ wọn ní ìmọ́tótó, orin ni a fi ń tú wọn sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Bí a bá ń fi ohùn tí ó wọ́ kọ́ wọn lójoojúmọ́, díẹ̀ díẹ̀ ni etí wọn yóò fi kú sí èdè ara wọn. Wọn yóò kọ́ láti kọrin láìretí pé orin ní ìtumọ̀. Ọmọ tí ó rẹ́rìn-ín wa, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta kò ní rẹ́rìn-ín mọ́. Èyí ni ó ń bà wá lẹ́rù.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi ohun mẹ́ta sọ́kàn. Bí a bá fẹ́ ṣe orin, kí a kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà jáde ketekete, kí a kọ dò, re, mí rẹ̀ sílẹ̀, kí a tó wá ohùn. Bí a bá fẹ́ lo orin tí ó ti wà, kí a kà á fún àwọn ọmọ bí ọ̀rọ̀ kí a tó kọ ọ́ fún wọn bí orin, kí ìtumọ̀ má bàa sọnù. Bí ọmọ kan bá sì rẹ́rìn-ín, kí a má yára mú pàṣán. Kí a bi í léèrè ohun tí ó gbọ́.

Àwa padà sí kíláàsì náà ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. A ti fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì náà sílẹ̀. A kọ ọ́ sójú pátákó: re mí, dò mí, re, mí. A ní kí àwọn ọmọ sọ ọ́, wọ́n sọ ọ́. A ní kí wọ́n fa ohùn rẹ̀ gùn díẹ̀, kí wọ́n sì máa pàtẹ́wọ́ sí i. Kí a tó wí, orin ti dé. Ọmọ tí ó bi wá léèrè ní ọjọ́sí ni ó lé e, àwọn ìyókù sì gbè é. Wọ́n ń kọ ọ́ lọ sí ilé wọn ní ọ̀nà Ayọ̀bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tí ó sì gbọ́ wọn mọ̀ pé ọkọ́ bàbá wọn mú.